Ṣé Gbogbo Ohun Tó Bá Ń Rí Wa Lára Ni Hàráàmù? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹja Tútù Àwọn Ará Jàpáàn



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, oúnjẹ ló bí i. Níbi ìjókòó wa kan lẹ́yìn ìrun àsárì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ sọ pé òun rí i nínú fídíò bí àwọn ará Jàpáàn ṣe ń gé ẹja tí iná kò kàn rárá, tí wọ́n ń tì í bọ omi dúdú kan, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tẹ̀rín tẹ̀rín. Kí ó tó sọ ọ́ tán, àwọn kan ti ń tutọ́. Ẹnì kan ní ẹranko ló ń jẹ nǹkan tútù, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Arábìnrin kan ní hàráàmù ni, kò sí àní-àní. Mo bi í pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá, Àáfà? Ó ń rí mi lára."

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí à ń ṣe lórí àwọn ẹlòmíràn, lórí aṣọ wọn, lórí orúkọ wọn, lórí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, inú wa ló kọ́kọ́ ń dá a kí làákàyè wa tó dé ibẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ohun tó ń rí wa lára, ṣé ẹ̀rí ni pé kò dára, àbí ẹ̀rí ni pé a kò bá a dàgbà?

Kí a tó dá ẹja yìí lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Sashimi ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni "ara tí a gún". Àwọn kan ní nítorí pé láyé àtijọ́, alásè a máa gún ìrù ẹja mọ́ ègé rẹ̀ kí àlejò lè mọ irú ẹja tí òun ń jẹ. Àwọn mìíràn ní àwọn jagunjagun ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ "gígé" nídìí oúnjẹ. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ súṣì. Súṣì ni ìrẹsì tí a pò mọ́ fínígà, tí ẹja lè wà lórí rẹ̀, tí ó sì lè má wà. Sashimi kò ní ìrẹsì nínú. Ẹja ni, àti ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Yanagiba ni orúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń pọ́n. Ìlú Sakai, nítòsí Osaka, ti lókìkí nídìí ọ̀bẹ rírọ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Alásè kì í fi ọ̀bẹ yìí rẹ́ ẹja lọ sókè lọ sódò bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ pákó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fà á, láti ìdí ọ̀bẹ títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí ọ̀bẹ kò bá mú, tàbí tí ọwọ́ bá gbọ̀n, ara ẹja á fà ya, omi ara rẹ̀ á dà nù, ahọ́n á sì mọ̀ ọ́n. Ẹja tí ẹran rẹ̀ le, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò máa rí òdòdó ara àwo láti abẹ́ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ bíi túnà, wọ́n á gé e nípọn. Nínú ilé ìdáná wọn, ọ̀bẹ ni ọ̀gá, iná ni ọmọ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọn kò se ẹja náà kò tíì mọ̀ pé gígé yẹn gan-an ni sísè lójú wọn.

Wọ́n á tò ó sínú àwo pẹ̀lú gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n ń pè ní daikon, tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ bí òwú, pẹ̀lú ewé shiso, àti wasabi, gbòǹgbò aláwọ̀ ewé tó ń ta imú ju bí ata ṣe ń ta ahọ́n lọ. (Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lórúkọ wasabi kì í ṣe òun rárá, gbòǹgbò mìíràn tó ń ta bíi tirẹ̀ ni wọ́n pa láró. Kò síbi tí màgòmágó kò sí.) Omi dúdú inú fídíò yẹn ni shoyu, omi tí wọ́n rí láti ara ẹ̀wà sóyà, àlìkámà àti iyọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó kan fún oṣù púpọ̀. Láyé ìjọba Edo, láàrin 1603 sí 1868, ló di ohun tó kárí ilé. Ṣáájú ìgbà náà, fínígà ni wọ́n sábà ń fi jẹ ẹja tútù.

Adùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá rò pé ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi ló dùn jù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kẹ́mísìrì ní yunifásítì ìjọba tó wà ní Tokyo, rí ohun tó ń fún ewé inú òkun kan ládùn, ó sì pe adùn náà ní umami. Ní 1913, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Shintaro Kodama rí òmíràn tó jọ ọ́ lára ẹja bonito gbígbẹ. Ohun tí Kodama rí yìí, ara ẹja tútù ń ṣe é fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Agbára tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́, tó ṣẹ́kù sínú ẹran ara rẹ̀, ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di adùn. Ìdí nìyí tí àwọn alásè kan fi ń tọ́jú ẹja ńlá sínú òtútù fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Ó yá, kí ni òfin sọ? Ọ̀rọ̀ kò gùn níbí. Ẹja kò nílò kí a dú u. Súúrà Máídà, áyà 96, ti ṣe ẹran inú òkun ní ẹ̀tọ́ fún wa, kò sì fi iná ṣe àdéhùn rẹ̀. Mádhábù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé níhìn-ín gbòòrò lórí ọ̀rọ̀ ẹran òkun. Àwọn Hánáfì ló ní ẹja nìkan, nítorí náà ẹni tó bá ń tẹ̀lé wọn yóò ṣọ́ra fún ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ àti irú rẹ̀ tó lè wà nínú àwo kan náà.

Hàdíìsì kan wà nínú Bùhárì àti Mùsìlímù tó bá ọ̀rọ̀ wa mu ju gbogbo èyí lọ. Nílé Máímúnà, ìyàwó Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wọ́n gbé aláńgbá ńlá inú aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ti sun wá síwájú rẹ̀. Bí wọ́n ti sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Khálídù ọmọ Wàlíìdì tó jókòó níbẹ̀ béèrè bóyá hàráàmù ni. Ànábì ní rárá, ó kàn jẹ́ pé kò sí nílẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Khálídù fà á sọ́dọ̀, ó ń jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pé tó. Ìríra wà níbẹ̀, kò fi pa mọ́, kò sì fipá mú ara rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n kò sọ ìríra ara rẹ̀ di òfin fún ẹni tó jókòó tì í. Ó tọ́ka sí ibi tí ìríra náà ti wá gan-an: ilẹ̀ tí a ti tọ́ òun dàgbà. Bí ẹnì kan bá wà láyé tí ìbá lè sọ ìríra rẹ̀ di òfin, òun ni. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Arábìnrin wa lè má fi sashimi kan ẹnu títí ayé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ "hàráàmù" ni kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ.

Ìríra pàápàá kì í dúró lójú kan. Àwọn ará Jàpáàn fúnra wọn ni ẹlẹ́rìí. Ní 675, Ọba Tenmu, nítorí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Búdà, ka jíjẹ màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ léèwọ̀ fún apá kan nínú ọdún. Irú òfin bẹ́ẹ̀ tún ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, títí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fi di ohun ẹ̀gbin lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ o. Ìgbà tó di 1872 ni wọ́n kéde pé Ọba Meiji ti jẹ ẹran màlúù, inú àwọn kan kò sì dùn sí i rárá. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń jẹ ẹja tútù láìfajúro, tí òórùn ẹran màlúù sísun sì ń mú inú rẹ̀ rìn!

Ọ̀rá ikùn túnà tí wọ́n ń pè ní toro, òun ló wọ́n jù lára ẹja náà lónìí. Kí ẹ̀rọ amómitutù tó dé, ohun àbùkù ni, nítorí ó tètè ń bàjẹ́. Wọ́n ní ológbò pàápàá ń dá a kọjá ni. Sámọ́nì ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pa lókun wọn máa ń ní kòkòrò nínú, nítorí náà sísun tàbí sísè ni. (Àwọn Ainu tó wà ní ìhà àríwá mọ ọ̀nà tiwọn: wọ́n ń jẹ́ kó dì gbagidi nínú òtútù kí wọ́n tó jẹ ẹ́.) Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Nọ́wè, tí sámọ́nì tí wọ́n ń sìn ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí polówó rẹ̀ ní Jàpáàn pé ó ṣe é jẹ ní tútù. Àwọn tó ń ra ẹja ní àwọ̀ rẹ̀ kò dára, òórùn rẹ̀ kò dára. Ó gba ọdún púpọ̀. Lónìí, ọmọ Jàpáàn tó bá wọ ilé súṣì, sámọ́nì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè. Nọ́wè yìí kan náà ló ń kó sitọkufíìṣì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, tí a fi ń se ọbẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń dimú sí. Àlejò tó bá sì kọ́kọ́ gbóòórùn irú nínú ilé ìdáná wa, ṣé yóò gbà pé oúnjẹ ni?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé Ọlọ́hun ló dá ìríra mọ́ wa láti máa fi ṣọ́ wa. Òótọ́ ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ kékeré jẹ ẹran tó ti rà. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí kò dá gbogbo olè mọ̀ ni. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Anisakis, tó tín-ín-rín bí òwú, tó máa ń wà lára màkẹ́rẹ́ẹ̀lì àti àwọn ẹja mìíràn. Ẹja náà lè máa dán yinrin, kó má rùn, kí ara gbà á dáadáa, kí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì láàyè, inú á máa gún un bí ẹni pé wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Fínígà kò pa á, wasabi kò pa á. Iná ló ń pa á, tàbí òtútù: ilé iṣẹ́ ìjọba Jàpáàn tó ń rí sí ìlera ní kí ẹja náà wà nínú òtútù ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo fún wákàtí 24 ó kéré tán, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 7. Fíríìsà tiwa tí iná ń lọ tí ń bọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé yìí tán kó lọ gé Títúsì ọjà jẹ ní tútù o. Màkẹ́rẹ́ẹ̀lì ni Títúsì. Ẹja inú odò náà ní kòkòrò tirẹ̀. Ìmọ̀ ló ń ṣọ́ni níbẹ̀, kì í ṣe ìríra.

Apá tó wúwo lọ́kàn mi jù nìyí: bí ìríra ṣe ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kọjá.

Oríṣi sashimi kan wà tí wọ́n ń pè ní ikizukuri. Alásè á mú ẹja láàyè, á gé ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò láì jẹ́ kó kú, á tò ó padà sí ara egungun rẹ̀, wọ́n á sì gbé e síwájú oníbàárà nígbà tí ẹnu ẹja náà ṣì ń là tó ń pa dé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń hàn pé kò tíì pẹ́ rárá. Kì í ṣe gbogbo ará Jàpáàn ló fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á wà.

Wọ́n a máa sọ pé ẹja kò mọ ìrora. Ní 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain fi hàn pé iṣan tó ń gbọ́ ìpalára wà ní orí ẹja tíráòtì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ohun tó ń ta sí ètè àwọn ẹja náà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ètè ra òkúta ìsàlẹ̀ omi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún jẹun. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ẹja ń mọ̀ lára, ṣùgbọ́n èyí tó fún mi láti má fi ṣeré. Ìlànà Ànábì wa lórí ẹran pípa hàn kedere: kí ọ̀bẹ mú, kí ó yá, kí ẹran má jìyà. Àwọn onímọ̀ fíkíhì lè jiyàn lórí bóyá ègé tí a gé lára ẹja tó wà láàyè ṣe é jẹ, nítorí òkú ẹja hàláàlì ni fún wa. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjẹ.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará Jàpáàn kan náà ló ni ikejime. Apẹja á fi irin ṣóńṣó gún ọpọlọ ẹja lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà, á sì ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n, ikú rẹ̀ kì í pẹ́. Nítorí kò jà títí, agbára ara rẹ̀ kò ṣòfò; ara rẹ̀ kò tètè gan, adùn tí Kodama rí lọ́jọ́sí sì ń rí ohun tí yóò fi pọ̀. Ẹnì kan lè ní adùn ni wọ́n ń wá, wọn kò wá àánú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níyàà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń pa á. Fún ẹni tí wọ́n ń pa, kí ó yá ló ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: bí adùn bá jẹ́ ohun tó ń dé lẹ́yìn ikú, a jẹ́ pé ẹja tó ń mí lórí àwo kò tíì ní adùn yẹn. Kí wá ni oníbàárà ikizukuri ń rà? Ìran ni. Ó ń sanwó láti wo ẹ̀dá tó ń kú nígbà tí òun ń jẹ ẹ́.

Àwa tí à ń tutọ́ nítorí ègé ẹja tútù, ẹ jẹ́ kí a rántí àrọ̀ tí a ń rà láàyè lọ́jà, tí a ń da iyọ̀ lé lórí kó lè jà títí tí yóò fi kú, kí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò. Ta ni inú rẹ̀ ń rìn níbẹ̀? Àwọn ọmọdé a tilẹ̀ máa pé jọ wò ó.

Ti fùgù kò ní gba àkókò. Ẹja olóró ni, ẹni tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè tọ́jú rẹ̀ fún títà. Ní January 1975, Bandō Mitsugorō kẹjọ, òṣèré kabuki tí ìjọba ti fi oyè dá lọ́lá, jẹ àwo mẹ́rin ẹ̀dọ̀ fùgù ní Kyoto, ó sì kú. Ẹ̀dọ̀ ni ibi tí oró pọ̀ sí. Ìdájọ́ èyí kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀mí kì í ṣe tiwa.

Ti túnà ló ní àríyànjiyàn. Ní January 2019, níbi gbàǹjo àkọ́kọ́ ọdún lọ́jà Toyosu ní Tokyo, túnà kan tó wọn 278 kílógíráàmù ni wọ́n rà ní 333.6 mílíọ̀nù yẹ́nì. Kò sí ahọ́n tó lè tọ́ adùn tó tó iye yẹn wò; òkìkí ni ẹni tó rà á ń wá fún ilé oúnjẹ rẹ̀. Ní 2010, ní Doha, Monaco dábàá pé kí a dá òwò túnà ńlá òkun Àtìláńtíìkì dúró láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, nítorí wọ́n ti pa á jù. Wọ́n kọ̀ ọ́, Jàpáàn sì wà níwájú àwọn tó kọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dín iye tí wọ́n ń pa kù, ẹja náà pọ̀ padà, àjọ IUCN sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu ní 2021. Súúrà Á'ráàf, áyà 31 àti 32, fi ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe àṣejù, àti ìbáwí fún ẹni tó ń sọ ohun dáadáa di èèwọ̀. Ẹni tó ra túnà yẹn yóò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Àwa ni ìkejì ń bá wí.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí ẹnìkejì wọn níbi iṣẹ́ lè pè jẹun: ẹ béèrè nípa omi dúdú yẹn. Bó ṣe ń kan, ọtí díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, ohùn àwọn onímọ̀ kò sì ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Èyí tó ní òǹtẹ̀ hàláàlì wà lọ́jà, ní Jàpáàn pàápàá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ ẹja náà. Kí wọ́n tó jẹun, àwọn ará Jàpáàn á ní "itadakimasu", ìyẹn ni pé mo gbà á pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ Bísímíláhì yín. Bí ọkàn kò bá sì fà sí i, kí ẹ sọ fún un pé kò sí nílẹ̀ yín, kí ẹ fa ìrẹsì sọ́dọ̀, kí òun máa jẹ ẹja rẹ̀ lọ.